Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Fi Fíìmù Jẹ́rìí Ìtàn

Nígbà tí fíìmù The Woman King jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló fárígá. Ohun tó dùn wọ́n ni pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkà inú eré náà: ẹlẹ́ṣin tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì, tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, tó sì ń tà wọ́n fún òyìnbó létí òkun. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì fún ohun tó lé ní 70 ọdún. Ọ̀yọ́ ta ẹrú pẹ̀lú. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, ẹrú wà lára ọjà tó ń gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ létí òkun. Ẹni tó bá ń bínú sí èyí, ohun tí àwọn baba ńlá wa ṣe ló ń bínú sí, kì í ṣe fíìmù.

Ibòmíràn ni irọ́ rẹ̀ wà, ariwo wa kò sì dé ibẹ̀. Ọdún 1823 ni eré náà fi ìtàn rẹ̀ sí. Nanisca, olórí àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhòmì, ń bẹ Ọba Ghezo pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kó máa ta epo pupa. Nígbà tí eré yóò fi parí, òǹwòran á ti gbà pé ọba náà gbọ́, pé Dàhòmì ti di ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jà fún òmìnira. Ghezo tí ìtàn mọ̀ lo 40 ọdún lórí oyè, láti 1818 di 1858, òwò ẹrú ló sì gbọ́kàn lé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tó tì í lẹ́yìn tó fi gorí ìtẹ́ pàápàá, Francisco Félix de Souza ọmọ Bràsíìlì, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ẹrú tó lókìkí jù lọ ní Ouidah ni.

Ẹlẹ́rìí sì wà. Ní 1848, ọdún 25 lẹ́yìn èyí tí fíìmù náà mú, ogun Ghezo tú Òkè-Ọdàn ká. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Aina wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ní 1850, Ghezo fi ọmọ náà ta Frederick Forbes lọ́rẹ, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì tó wá rọ̀ ọ́ pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Forbes gbé e lọ sí ìlú òyìnbó, Ọbabìnrin Victoria sì di alágbàtọ́ rẹ̀. Òun ni Sarah Forbes Bonetta tí ayé mọ̀. Ẹ rò ó wò: àlejò wá bẹ ọba pé kó yé ta ènìyàn, ọba sì fi ènìyàn ṣe é lálejò. Forbes kọ ìwé lórí ìrìn àjò rẹ̀, ó jáde ní 1851. Ó sọ nínú rẹ̀ bí àwọn obìnrin ọmọ ogun ṣe ń dìde níwájú ọba, tí wọ́n ń ní kó rán àwọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851 náà, Ghezo rán wọn. Ara odi ìlú ni àwọn Ẹ̀gbá ti ṣẹ́gun wọn, tí wọ́n sì lé wọn padà. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí etíkun rẹ̀ ni Ghezo tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù Kìíní 1852, kò sì pẹ́ tí òwò náà fi tún gbérí.

Glele ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 1860, ogun Dàhòmì já wọ ìlú kan ní agbègbè Bantè, ní apá kan ilẹ̀ Yorùbá tó bọ́ sí orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kossola, wọ́n tà á ní Ouidah. Ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti àwọn yòókù, tí gbogbo wọ́n tó nǹkan bí 110, lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ọdún 52 tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Cudjo Lewis, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1935. Nígbà tí òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní 1927, bàbá náà ò tíì gbàgbé àwọn tó já wọ ìlú wọn ní ìdájí: àwọn obìnrin ọmọ ogun Dàhòmì, tí wọ́n ń bẹ́ orí ènìyàn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ọdún 2018 ni ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ bàbá náà, Barracoon, tó jáde. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òkú ọkọ̀ kan tí wọ́n rí nínú odò Mobile, Clotilda ni.

Àwọn obìnrin tí Kossola rí yẹn ni fíìmù náà sọ di ajàjàgbara. Mi ò sọ pé wọn kì í ṣe akọni. Akọni ni wọ́n, orílẹ̀-èdè Benin sì gbé ère ńlá kan kalẹ̀ fún wọn ní Cotonou ní 2022, ó ga tó 30 mítà. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni wọ́n ń ṣe akọni fún, ta ni wọ́n sì ń ṣe é sí. Ọmọ Òkè-Ọdàn tàbí ọmọ Kétu tó bá wo eré náà tán, tó wá ń pariwo pé àwọn obìnrin yìí gba ènìyàn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè ìtàn ìlú tirẹ̀ nílé. Ọdún 1886 ni ogun Glele run Kétu.

Àwọn orúkọ inú eré náà ńkọ́? Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nanisca wà lóòótọ́. Ará Faransé kan, Jean Bayol, rí i ní Dàhòmì ní 1889. Ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ogun ni, kì í ṣe ọ̀gágun, ó sì fi ọdún 66 jìnnà sí 1823. Balógun Ọ̀yọ́ inú eré náà ń jẹ́ Ọba Adé. Ẹni tó bá mọ bí Ọ̀yọ́ ṣe ń to oyè á rẹ́rìn-ín, nítorí Baṣọ̀run wà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ fi Aláàfin sílẹ̀ láàyè kó máa pe ara rẹ̀ lọ́ba. Ní 1823 tí wọ́n sì mú yìí, Ọ̀yọ́ ò lágbára tó bí wọ́n ṣe yà á. Àfọ̀njá tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé ń jó.

Mo sọ̀rọ̀ fíìmù yìí tó báyìí nítorí ó fi àrùn fífi fíìmù jẹ́rìí ìtàn hàn kedere. Àṣìṣe tí àwa òǹwòran máa ń sáré mú ni èyí tí ojú rí: aago ọwọ́ lára jagunjagun, wáyà iná lẹ́yìn ààfin, léèsì lọ́rùn ìjòyè. Léèsì tí a ń rán lónìí, láti Austria ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá ní àwọn ọdún 1960. Bí ẹ bá rí i lára ìjòyè ayé Baṣọ̀run Gáà, ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀, kí ẹ máa wo eré yín lọ. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń pani lára ni kí wọ́n yí ẹ̀bi padà, kí wọ́n gbé e kúrò lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́, kí wọ́n gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, kí àwọ̀ àwòrán sì dára, kí ìlù sì dùn débi pé ẹnikẹ́ni ò ní ráyè béèrè.

Ẹ lọ bi ẹni tó bá wà nítòsí yín bí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìbàdàn ṣe kú. Bó bá ní èsì kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí: ìkà obìnrin ni, ó ń bẹ́ àwọn ẹrú rẹ̀ tó bá lóyún lórí, Látòósà tó ń ṣolórí Ìbàdàn nígbà náà kógun wọ ilé rẹ̀, ó sì gbé májèlé jẹ. Inú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970 ni èyí ti wá, Bánkọ́lé Bello sì darí fíìmù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìṣọ̀lá mọ eré kọ, ẹnu kò gbà á láti sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ nípa ikú obìnrin náà yàtọ̀ pátápátá. Ó ní ní oṣù Karùn-ún 1874, Ààrẹ Látòósà yọ Ẹfúnṣetán lóyè. Ẹ̀sùn tó fi kàn án ni pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Oyún ẹrú kò sí lára ẹ̀sùn náà. Obìnrin tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ìjòyè láwìn ni, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa á lórí ibùsùn lóru. Ẹrú ilé rẹ̀ ni wọ́n lò, ìbátan rẹ̀ kan tó fi ṣe ọmọ sì mọ̀ sí i. Látòósà ni wọ́n ní ó wà nídìí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sọ ìpànìyàn di ìpara-ẹni nìyẹn. Nínú ọ̀kan, ìlú dìde sí ìkà, ìkà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Nínú èkejì, alágbára kan rán àwọn ènìyàn sí olówó tí kò fẹ́ ogun rẹ̀ mọ́. Mi ò sọ pé Ẹfúnṣetán jẹ́ ẹni mímọ́. Ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, kò sì sí olówó ẹrú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí obìnrin bá lówó tó sì lè sọ̀rọ̀ láàárín ọkùnrin, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ kí ẹnì kan pè é ní Ẹfúnṣetán, ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ á sì rò pé ìtàn lòun ń sọ. Ẹnu Látòósà ló ti gbọ́ ọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìṣọ̀lá ò sì búra fún ẹnikẹ́ni pé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ lòun gbé fún wa. Àwa la sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù wà, ẹni tó sì fi hàn wá wà láàárín wa. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tẹ eré rẹ̀ lórí Ẹlẹ́ṣin Ọba jáde ní 1975, ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lòun gbé e kà, pé òun yí àwọn nǹkan padà, àti pé òun mọ̀ọ́mọ̀ sún un sẹ́yìn sí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1946 ló ní ohun náà ṣẹlẹ̀. Ìtàn fúnra rẹ̀ sọ pé oṣù Kejìlá 1944 ni Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà, oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni aláṣẹ òyìnbó dí Olókùn Ẹṣin lọ́wọ́ tí ọmọ rẹ̀, Múránà, fi kú dípò rẹ̀. Nínú eré, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ti ìlú òyìnbó dé ni ọmọ náà. Múránà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bíyìí Bándélé fi eré náà ṣe fíìmù tó jáde ní 2022, ọdún tí òun náà kú. Ẹ wò ó dáadáa, kódà ọdún tí Ṣóyínká pè kò bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí ó ti sọ pé òun yí i, ọ̀nà àtiwádìí ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Fíìmù tó bá bo àyípadà rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tún kọ ọ́ sójú àwòrán pé òtítọ́ ni, ó ti dí ọ̀nà náà pa.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sójú àwòrán yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ máa fura sí. Ní 1996, fíìmù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Fargo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni, pé nítorí àwọn tó ṣì wà láyé ni wọ́n ṣe pa orúkọ dà. Irọ́ ni, àwọn tó ṣe é ló hun ìtàn náà. Kò sí ọlọ́pàá tó ń yẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wò kó tó jáde, ẹni tí wọ́n bá bà lórúkọ jẹ́ ló máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọmọọba Irina Yusupov ti Rọ́ṣíà ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ fíìmù MGM ṣe eré kan ní 1932 lórí Rasputin, gbajúmọ̀ ẹlẹ́sìn ààfin Rọ́ṣíà, wọ́n sì fi ọmọọba kan sínú rẹ̀ tí Rasputin bà jẹ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ kò bá ọkùnrin náà pàdé rí. Ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù dá a láre ní 1934 pẹ̀lú 25,000 pọ́n-ùn. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ti mú un lò láti máa kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni inú eré bá jọ ẹnì kan láyé, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ìkìlọ̀ kékeré tó máa ń sáré kọjá níparí yẹn, tí gbogbo wa ti dìde kí ó tó dé, ibẹ̀ ni òtítọ́ sábà máa ń wà. Ẹ jókòó kà á.

Ti òde òní burú ju ti Irina lọ, nítorí òǹwòran fúnra rẹ̀ ti di ọlọ́pàá. Ní oṣù Kẹrin 2024, Netflix gbé fíìmù alápá méje kan, Baby Reindeer, jáde. Ó kọ ọ́ sójú àwòrán pé ìtàn òtítọ́ ni, ó sì fi obìnrin kan hàn tó jẹ̀bi tó sì lọ sẹ́wọ̀n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn òǹwòran ti wá obìnrin kan rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bú u, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin náà pẹjọ́, ó ní ilé ẹjọ́ ò dá òun lẹ́bi kankan rí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, adájọ́ kan ní Amẹ́ríkà gbà pé ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó láti tẹ̀ síwájú. Ohun tí adájọ́ dì mú ni pé ìtàn òtítọ́ ni wọ́n pè é. Nítorí náà, bí ẹ bá wo eré lórí ìjínigbé, tàbí lórí olórin kan tí wọ́n pa, tàbí lórí pásítọ̀ kan tó ṣìwà hù, ẹ má ṣe máa wá ojúlé ẹni tí ẹ rò pé òun ni. Ọmọ rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú yín.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi ṣì, pé kí a má ṣe fíìmù ìtàn mọ́. Ní Bìrìtéènì, ó lé ní 900 àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n dá lẹ́bi olè, nítorí kọ̀ǹpútà tó ń ṣìrò owó. Ọdún gọbọi ni wọ́n fi ké, ìwé ìròyìn kọ ọ́, ó tútù. Ní oṣù Kìíní 2024, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV gbé eré kan lórí ọ̀rọ̀ wọn, Mr Bates vs The Post Office, jáde. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, òfin ti jáde tó pa ìdálẹ́bi ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa ba òṣèré lẹ́rù.

Lọ́dọ̀ wa, ewu náà pọ̀ sí i nítorí ohun tí a ṣe sí ara wa. Láti sáà 2009/2010 ni Nàìjíríà ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Àwọn ọmọ tó bọ́ sáàárín ìgbà yẹn ti dàgbà. Fíìmù ni olùkọ́ ìtàn wọn. Fíìmù tí wọ́n gé sí ìṣẹ́jú méjì lórí WhatsApp pàápàá, tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò ní ìkìlọ̀ ìparí. Mo ti rí ibi tí ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Ìjàyè ti ń fi irú àgékù bẹ́ẹ̀ bú ara wọn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá jọ ń wo Lísàbí tàbí Gáà tàbí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ má pa tẹlifíṣọ̀n kí ẹ sì wọlé lọ sùn. Ẹ bi wọ́n léèrè ta ló ń sọ ìtàn yìí, ta ni wọn ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí eré parí. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn nìkan ti tó láti tú àṣírí Ghezo. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi fíìmù ru ọkàn ọmọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìdáhùn ìdánwò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe eré, ọ̀rọ̀ yín kò gùn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti da ènìyàn mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu òkú nínú yàrá tí kò sí ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá fẹ́ yí ẹni tó pààyàn padà, tàbí ẹni tó ta ènìyàn, ẹ yí orúkọ rẹ̀ náà padà, tàbí kí ẹ sọ fún wa níwájú bí Ṣóyínká ti sọ. Ẹ lọ bá arọ́kin, ẹ lọ bá ìdílé ẹni tí ẹ fẹ́ fi ṣe akọni, kí ẹ tún wá ìdílé ẹni tó bá a jà. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé àwọn aláṣẹ òyìnbó wà níbẹ̀, ìtàn inú wọn sì pọ̀ tó láti fi ṣe eré láìjẹ́ pé èèyàn pa irọ́.

Ìwé pàápàá, ẹ fojú sílẹ̀ kà á. Johnson tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí lókè yìí, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ojú Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn ló sì fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, àfọwọ́kọ náà sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń sọ nípa ogun wọn, kó ka Johnson tán, kó wá ìwé ìtàn Abẹ́òkúta tí Ajíṣafẹ́ kọ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì sàmì sí ibi tí àwọn méjèèjì kò ti fẹnu kò.